"Ẹni Wa Ni" Kì Í Ṣe Ìdáhùn

   

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, ó lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìjà kan tó ṣẹlẹ̀ láàrin wa ló gbé mi dé ìdí ẹ̀. Àwọn ìyá méjì kan wà tí wọ́n ti jọ ń pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti bí ogún ọdún. Bí ọ̀kan bá lọ kírun, èkejì ló ń bá a ta ọjà. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ọ̀kan, èkejì ló ń dáná. Àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ abẹnugan Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2025. Ọ̀kan ní, "Ẹni wa ni, ẹ má bà á lórúkọ jẹ́." Èkejì ní, "Olè ni, ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀ lé e náà, olè ni yín." Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di èébú, èébú kan bàbá, ó kan ìyá. Títí di òní, wọn kì í kí ara wọn.

Èmi tí mo lọ là wọ́n, mo bi àwọn méjèèjì ní ìbéèrè mẹ́ta. Owó wo ni wọ́n ní wọ́n ná? Kí ni wọ́n ní wọ́n ná an sí? Kí ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn fi dáhùn? Kò sí èyí tó lè dáhùn ọ̀kan ṣoṣo nínú ẹ̀. Pátì ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ ẹjọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: bí wọ́n bá fi ẹ̀sùn owó ìlú kan ẹnikẹ́ni, "ẹni wa ni" kì í ṣe ìdáhùn, "ẹni wọn ni" náà kì í sì í ṣe ẹ̀rí. Owó ni ká bèèrè.

Àwa ọlọ́jà ló yẹ kó mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ jẹ́ n rán yín létí ohun kan, mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, owó àjọ kan kò pé ní ọjọ́ tó yẹ kí ẹnìkan kó o. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ ẹ̀, gbogbo wa la fẹ́ràn ẹ̀. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dìde bí ẹnìkan bá ń rọbí. Àwọn kan ní ká má bèèrè, pé ká má dójú ti obìnrin rere. Àwọn kan ní ká pe ọlọ́pàá kíákíá, àwọn yẹn sì rèé, wọ́n ti ń bá a jà tẹ́lẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àyè ìpàtẹ. Ìyá àgbà kan ló dìde, ó ní, "Ẹ gbé ìwé wá." A ṣí ìwé, a kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A rí i pé ó yá ẹlòmíràn lára owó náà láì sọ fún wa. A tún rí i pé àwọn mẹ́ta kan nínú àwọn tó ń pariwo jù, àwọn gan-an ni wọn ò tíì san tiwọn pé. Ó san èyí tó kàn án díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán, àwọn mẹ́ta náà san tiwọn, a sì gba ìwé owó lọ́wọ́ ẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó ṣì wà láàrin wa, a ṣì jọ ń jẹ, a jọ ń mu.

Ẹ rò ó wò. Ká ní a gbọ́ ti àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀, owó ì bá ti ṣègbé. Ká ní a gbọ́ ti àwọn tó kórìíra ẹ̀, a ì bá ti sọ ọ́ di olè káàkiri ìlú. Ìwé tí a ṣí ló gbà wá, ló sì gba òun náà.

Ẹ wá jẹ́ ká gbé e dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Ní ọdún 2007, Arábìnrin Patricia Etteh, ọmọ Ìkirè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, di abẹnugan Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá. Obìnrin àkọ́kọ́ ni tó máa jókòó sórí àga yẹn ní Nàìjíríà. Ó ti fi iṣẹ́ irun àti ìṣaralóge jẹun rí, bíi tiwa. Inú wa dùn, èmi náà jó. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọ̀rọ̀ jáde pé wọ́n fọwọ́ sí mílíọ̀nù 628 náírà láti fi tún ilé tí ìjọba fún òun àti igbákejì ẹ̀ ṣe, àti láti fi ra mọ́tò 12. Kí la sọ nínú ọjà? A ní nítorí pé obìnrin ni. A ní nítorí pé Yorùbá ni. A ní wọ́n ń fi iṣẹ́ onídìrí pẹ̀gàn ẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn kan fi pẹ̀gàn ẹ̀ lóòótọ́, kò sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ lónìí: èmi Akọ̀wé yín, mi ò bèèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé báwo ni wọ́n ṣe pín kọ́ńtíráàtì náà, ta ló gbà á, èló ló sì yẹ kó jẹ́.

Ìgbìmọ̀ tí David Idoko ṣe alága fún wádìí ẹ̀, wọ́n ní wọn ò tẹ̀ lé ìlànà tó yẹ kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ náà síta. Ilé pín sí méjì, ariwo pọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 2007, níbi tí gbọ́nmi-si-omi-ò-to náà ti le, Dókítà Aminu Safana, aṣòfin láti Katsina tó jẹ́ alátìlẹ́yìn obìnrin náà, ṣubú, ó sì gbabẹ̀ kú. Ní ọjọ́ 30 oṣù kan náà, Arábìnrin Etteh fi ipò sílẹ̀. Ní ọdún 2011, Ilé kan náà tún padà wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ ò rí nǹkan? Ariwo àwa tí a fẹ́ràn ẹ̀ kò gbé e ró. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tó fi ru orúkọ burúkú kí wọ́n tó sọ ọ́ kalẹ̀ fún un. Ká ní gbogbo wa, ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá, ti jọ sọ láti ọjọ́ kìíní pé "ẹ ṣí ìwé ká jọ kà á," bóyá ẹ̀mí kankan kì bá lọ sí i.

Kò tán síbẹ̀. Lára àwọn tó ṣíwájú àwọn tó ń bèèrè lọ́wọ́ Etteh nígbà náà ni Farouk Lawan láti Kano. Ẹgbẹ́ olóòótọ́ ni wọ́n pe ara wọn. Ní ọdún 2012, wọ́n fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń wádìí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò, epo tí ẹ̀yin àti èmi ń tò fún lójú títì. Ọ̀rọ̀ bẹ́ síta pé ó gba 500,000 dọ́là lọ́wọ́ oníṣòwò epo nì, Femi Otedola, ọmọ Ẹ̀pẹ́ wa níbí, kó lè yọ orúkọ ilé iṣẹ́ ẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn tó jẹ̀bi. Otedola ní òun ti fi tó àwọn agbófinró létí kí òun tó fún un. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹjọ́ náà gbà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ilé ẹjọ́ ní kí Lawan lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún méje, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín in kù sí márùn-ún ní 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2024. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ẹni tó ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni lónìí, ká má tìtorí ẹ̀ sọ pé òun kò gbọdọ̀ dáhùn lọ́la.

Mo wá délé báyìí. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ẹ má bínú sí mi. Akinwunmi Ambode, ọmọ yín, ṣe gómìnà Èkó láti 2015 sí 2019. Fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ìyìn ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ń yìn ín. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, pátì ẹ̀ kò fà á kalẹ̀ mọ́, Babajide Sanwo-Olu ni wọ́n mú. Àfi bó ṣe di oṣù kìíní ọdún 2019 tí àwọn aṣòfin kan náà ní ó ń ná owó bọ́jẹ́ẹ̀tì tí àwọn ò tíì fọwọ́ sí, tí wọ́n sì ń fi yíyọ halẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn tó kúrò nípò, wọ́n tún gbé ìgbìmọ̀ dìde lórí bọ́ọ̀sì 820 tó rà. Òun náà ní gbogbo ẹ̀ ló bá òfin mu, ó gba ilé ẹjọ́ lọ.

Mo rántí ohun tí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ń sọ nígbà náà: "Wọ́n kórìíra ọmọ wa ni." Bóyá òótọ́ ni. Ìbéèrè tó jẹ́ pé ọjọ́ tí pátì kọ èèyàn sílẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, ó ní ohun tó wà nídìí ẹ̀. Àwọn tó ń fọwọ́ sí bọ́jẹ́ẹ̀tì lọ́dọọdún, ojú wọn kò ha là nígbà yẹn? Ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí náà: bí ọ̀tá mi bá kígbe pé iná ń jó lórí òrùlé mi, ṣé mo máa kọ́kọ́ bi í bóyá ó fẹ́ràn mi ni, àbí mo máa gbójú sókè wò ó? Ìkùnsínú ẹni tó bèèrè kò sọ ìbéèrè di irọ́. Ohun tó yẹ kí ará Ẹ̀pẹ́ sọ nìyí: "Ẹ ṣí ìwé bọ́ọ̀sì yẹn, kí ọmọ wa dáhùn. Bó bá sì dáhùn tán, ẹ̀yin aṣòfin náà, ẹ wá sọ ìdí tí ẹ fi dákẹ́ fún ọdún mẹ́ta."

Abẹnugan tó pe Ambode lẹ́jọ́ nígbà yẹn ni Mudashiru Obasa. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2025, ó kan òun náà. Ó wà ní Amẹ́ríkà nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ nínú Ilé, ọmọ pátì kan náà ni púpọ̀ nínú wọn, yọ ọ́ nípò. Wọ́n ní ó ṣe owó Ilé mọ́kumọ̀ku. Wọ́n fi Arábìnrin Mojisola Meranda rọ́pò ẹ̀, obìnrin àkọ́kọ́ tó máa ṣe abẹnugan l'Ékòó. Ẹ ò rí i pé n ò gbọ́n? Mo tún jó! Mo ní obìnrin ti dé bẹ̀. Mi ò tún bèèrè pé ìwé owó wo ni wọ́n fi yọ ti àná.

Obasa padà dé, ó ní irọ́ ni gbogbo ẹ̀sùn náà, ó gba ilé ẹjọ́ lọ. Àwọn àgbà pátì bọ́ sí i, ìpàdé lórí ìpàdé. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, Arábìnrin Meranda fi ipò sílẹ̀, wọ́n dá Obasa padà ní ọjọ́ kan náà. Ní oṣù kẹrin, ilé ẹjọ́ gíga Èkó sọ pé yíyọ tí wọ́n yọ ọ́ kò bá òfin mu. Ó dára. Bí wọ́n ṣe yọ ọ́ ni adájọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Owó tí wọ́n tìtorí ẹ̀ pariwo ńkọ́? Aṣòfin ogójì ló wà nínú Ilé yẹn, méjì láti Ìkòròdú, méjì láti Ẹ̀pẹ́. Bí àwọn tó fẹ̀sùn kàn án bá parọ́, ó yẹ kí wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ ní gbangba. Bí wọn ò bá parọ́, kí ló dé tí gbogbo ẹ̀ fi parí sí pálọ̀ àwọn àgbà? Ọ̀kan nínú méjèèjì ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Àwa tí a ní owó, a ò gbọ́ èyíkéyìí.

Ibẹ̀ ni mo ń bọ̀. Ìṣòótọ́ sí pátì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é yìí, kò gba ẹnikẹ́ni là. Bí ẹni wa bá jẹ̀bi, owó wa lọ. Bí kò bá jẹ̀bi, orúkọ ẹ̀ kò mọ́, nítorí wọn kò jẹ́ kí ó ro ẹjọ́ ẹ̀ níwájú ìwé. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru ẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹni tó fẹ́ràn èèyàn ló ń sọ fún un.

Àwọn ìyá wa àtijọ́ mọ èyí. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tó bá Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì jà lórí owó orí obìnrin, ọlọ́jà ló pọ̀ jù nínú wọn. Aláké Adémọ́lá kì í ṣe àjèjì sí wọn, ọba wọn ni, ọmọ ìlú wọn ni. Wọn ò sọ pé "ẹni wa ni." Wọ́n bèèrè owó orí wọn títí ọba fi kúrò ní Abẹ́òkúta ní 1948, tó sì fi oyè sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Ó padà sórí oyè ní ìparí ọdún 1950, ó sì jọba títí ó fi wàjà. Ìbéèrè kò pa ọba, kò sì tú ìlú ká.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Àwọn kan á ní, "Akọ̀wé, pátì ló ń fún wa ní ṣọ́ọ̀bù. Bí a bá bèèrè, wọ́n á gbà á." Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò fi ṣeré, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n ta ló ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì ojoojúmọ́? Ta ló ń san owó ilẹ̀, owó orí, owó èyí, owó tọ̀hún? Owó wa ni wọ́n ń fi ta wá lọ́rẹ. Ẹ tún wo ojú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ìtòìkín sí Ẹ̀pẹ́. Bí mọ́tò bá há sínú kòtò tí ẹja inú apẹ̀rẹ̀ wá bà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ẹja APC ni àbí ẹja PDP? Kòtò kì í bèèrè káàdì pátì.

Àwọn kan á ní, "Àwọn tòdìkejì burú ju tiwa lọ." Ó ṣeé ṣe. Bí ẹni tó ń ta gààrí lódìkejì bá ń fi kóńgò tí wọ́n tẹ ìdí ẹ̀ wọnú ta á, ṣé ìyẹn ní kí èmi náà tẹ tèmi wọnú? Oníbàárà á kàn kúrò lọ́dọ̀ àwa méjèèjì ni.

Àwọn kan á sì ní Akọ̀wé ti gba owó lọ́wọ́ alátakò. Ìwé mi ń bẹ. Kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí mo ń bẹ ìpàdé gbogbogbòò pé kí ó jíròrò lé lórí nìyí. Àkọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ wa má wọ aṣọ pátì kankan ní orúkọ ẹgbẹ́ mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá wù lè wọ tiẹ̀, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni. Ẹ̀yin tó ń ta àǹkárá, mo mọ̀ pé òwò yín ni, ẹ máa tà á fún gbogbo wọn. Èkejì, olóṣèlú yòówù tó bá wọ ọjà wá bẹ̀ wá, ìbáà jẹ́ ọmọ ilé wa, ìbéèrè kan náà ni ká bi gbogbo wọn: owó wo lo gbà, kí lo fi ṣe, ìwé ẹ̀ dà? Ká kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, ká kà á síta ní ìpàdé. Ẹ̀kẹta, ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Láti ìsinsìnyí, kí wọ́n máa ka ìwé owó ẹgbẹ́ wa sókè ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, èyí tó wà lọ́wọ́ èmi Akọ̀wé ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà. Ẹni tí kò bá lè jẹ́ kí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ òun, kí ló fẹ́ bèèrè lọ́wọ́ gómìnà?

Ẹ̀yin ìyá mi méjì tí ẹ kì í kí ara yín, ẹ mọ ara yín. Àwọn tí ẹ tìtorí wọn jà ti parí ìjà tiwọn, wọ́n ti jọ ń jókòó nínú ilé kan náà. Ẹ̀yin nìkan ló kù sójú ọjà tí ẹ ń di ara yín sínú. Mo ń bọ̀ wá mú yín lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹ dáná dè mí.

Ọlọ́run á bù sí òwò wa. A ò ní pàdánù o.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́